Fóònù Tí Àràmídé Jù Sómi

Àràmídé dúró ní ìkángun afárá pákó iwájú ilé wọn ní Zion Pepe, ó di fóònù mú, ó ń wo bí omi ṣe ń fà lọ sọ́nà òkun. Ọmọ etí omi ni, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ. Ohun tó bá bọ́ sómi nígbà tí omi ń kún, èèyàn lè mòòkùn wá a rí. Èyí tó bá bọ́ sínú omi tó ń fà, òkun ló ni ín. Ìdí nìyẹn tó fi dúró de àsìkò náà.

Kingsley ló fà á. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, ẹnu ọmọkùnrin náà sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ìfẹ́ wọn ṣì gbóná, ó fi fíìmù kan ránṣẹ́ sí Àràmídé. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan já olólùfẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. Obìnrin náà kó gbogbo ẹ̀bùn tí ọkùnrin náà fún un, ó dà wọ́n sínú odò abàmì kan, ó pe orúkọ ọkùnrin náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, obìnrin náà ti gbàgbé ọkùnrin náà pátápátá, ẹ̀rín ló ń rín kiri ìlú. Àràmídé wo fíìmù yìí títí ó fi mọ̀ ọ́n lórí. Àfi bí Kingsley ṣe tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí i láàárọ̀ ọjọ́ tó dúró lórí afárá yìí pé kí àwọn fi mọ síbẹ̀, pé Beauty ni òun ń fẹ́ báyìí.

Háà, ọkàn ọmọ náà gbọgbẹ́! Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn Kingsley ló wà nínú fóònù náà. Ó pe orúkọ Kingsley bíi ti obìnrin inú fíìmù, ó sì ju fóònù náà sómi.

Kò pẹ́ tí Rejoice, àbúrò rẹ̀ kékeré, fi ojú oorun jáde wá.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi ṣí ohùn màámi. Oorun ń kùn mí."

Ìgbà yẹn ni Àràmídé tó rántí. Nígbà tí ìyá wọn mọ̀ pé àìsàn náà kò ní jẹ́ kí òun pẹ́ láyé, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù náà. Ó ki Rejoice, ó kọrin fún un. Ọmọ ọwọ́ ni Rejoice nígbà náà, ohùn yìí nìkan ló mọ̀ ní ìyá. Araromi létí òkun ni wọ́n sin ìyá wọn sí, òkun sì ti jẹ ilẹ̀ kọjá ibojì rẹ̀. Odò inú fíìmù mọ èyí tó yẹ kó gbé. Omi Zion Pepe kò mọ irú ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbé lọ.

Nígbà tí Adégbóyè, bàbá wọn, ti ojú ìpẹja dé, Àràmídé jẹ́wọ́ fún un. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó bẹ́ sómi, ó ń mòòkùn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ẹrẹ̀ nìkan ló ń kó bọ̀.

"Ìgbà wo lo jù ú?"

"Ìgbà tí omi ń fà, bàbá."

"O sì mọ̀ pé ó ń fà." Ó jókòó sórí pákó, omi ń ro lára rẹ̀. "Èmi náà máa ń gbọ́ ohùn ìyá yín níbẹ̀, tí ẹ bá ti lọ sílé ìwé." Ó wá bú sẹ́kún lójú ọmọ rẹ̀.

Kingsley kò kúrò lọ́kàn Àràmídé. Àràárọ̀ ló ń rí Kingsley àti Beauty nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé ìwé, kò sì gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo èyí tó sọ fún un. Ó gbìyànjú láti kọ orin ìyá wọn fún Rejoice. Rejoice ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni màámi ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tó yá, Rejoice kò béèrè ohùn náà mọ́, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń họ ìpẹ́ ẹja.

"Àǹtí mi, báwo tiẹ̀ ni ohùn màámi ṣe rí?"

Àràmídé fẹ́ fara wé bí ìyá wọn ṣe ń kọrin, ohùn tirẹ̀ nìkan ló jáde. Òun náà ti ń gbàgbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹni tí olólùfẹ́ já jù sílẹ̀, kó sunkún, kó finú han àwọn ará ilé rẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí inú rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ọgbẹ́ ìfẹ́ ń jinná. Èyí tí Àràmídé fọwọ́ ara rẹ̀ jù sómi kò ní padà wá láéláé.