Ìwé Kẹrin Akínjagun

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé Akínjagun ti dìde?"

Mùínátù ló ń béèrè láti orí ẹní, kúbùsù méjì lára rẹ̀ nínú ooru oṣù kẹta ọdún 1986. Ràsákì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣí ìwé síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ẹja nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ìwé kẹrin ni, nínú ìtàn Akínjagun ní Ìlú Abẹ́ Odò. Richard, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ló yá a.

Láti ìwé kìíní dé ìkẹta, Akínjagun kò sinmi. Ó bá ejò olórí mẹ́ta jà, ó fi idà la òkúta, ó gun ẹyẹ fò kọjá ọ̀sà. Ràsákì a máa kà á sókè, Mùínátù a máa pàtẹ́wọ́, ara rẹ̀ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Wọ́n bí àìsàn eegun ríro mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ni, òtútù sì ni ọ̀tá rẹ̀ àgbà.

Ṣùgbọ́n ìwé kẹrin yìí! Ẹni tó kọ ọ́ ti yíwọ́ padà. Ọfà olóró ba Akínjagun ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Láti ibẹ̀, Ojúọlá àbúrò rẹ̀ ni ìtàn ń tẹ̀ lé: ó ń pọnmi, ó ń nu òógùn, ó ń jókòó tì í. Kò sẹ́ni tó fa idà yọ. Inú bí Ràsákì, ó ní ìtàn ọ̀lẹ ni. Kí ló kan èèyàn nínú omi pípọn?

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kà á fún mi o."

Ràsákì wo ojú rẹ̀ tó ti rù. Ó tẹjú mọ́ ìwé bí ẹni tó ń kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ara rẹ̀. "Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Akínjagun bọ́ síta, òjò náà wẹ gbogbo oró dànù lára rẹ̀. Ó dìde, ó fa idà yọ!"

"Òjò àkọ́rọ̀?"

"Òun náà ni."

Mùínátù pàtẹ́wọ́. Inú Ràsákì dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀. Irọ́ kékeré, ta ni yóò pa lára?

Nígbà tó di ọjọ́ ọjà Ayépé, ìyá wọn kìlọ̀ kó tó lọ: "Ràsákì, má kúrò lọ́dọ̀ àbúrò rẹ o." Lọ́sàn-án, ojú ọ̀run ṣú, òjò àkọ́kọ́ ọdún náà sì dé. Àwọn ọmọ àdúgbò tú síta bí ìṣe wọn, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń jó. Ràsákì sáré lọ gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó padà, ẹní ti ṣófo. Àárín àwọn ọmọ ló ti rí Mùínátù, aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Mùínátù! Ta ló ní kó o jáde?"

"Ó ń wẹ̀ ẹ́ dànù, Bọ̀ọ̀dá," ló wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, igbe rẹ̀ ti gba àdúgbò kan. Ìyá wọn ti ọjà dé bá a, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Níbẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, dókítà sì ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná. Ìyá wọn jókòó sórí símẹ́ńtì.

"Yáà Ọlọ́hun, ta ló rán ọmọ yìí sínú òjò?"

"Èmi ni, Màámi," Ràsákì wí. "Irọ́ ni mo pa fún un." Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò lù ú, kò bú u, ó kàn ń wò ó. Ìyẹn dun Ràsákì ju ẹgba lọ. Ẹyin lohùn, tirẹ̀ ti balẹ̀, ó ti fọ́, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó o jọ.

Lówùúrọ̀, Mùínátù lajú. "Bọ̀ọ̀dá, òjò ò wẹ̀ ẹ́ dànù."

"Mo mọ̀. Kò sí nínú ìwé. Irọ́ mi ni. Má bínú."

Mùínátù nawọ́ sí ìwé tí Ràsákì mú wá. "Ẹ ka èyí tó wà níbẹ̀ fún mi."

Ràsákì kà á láti ibi tó ti fò kọjá. Ojúọlá pọnmi. Ojúọlá nu òógùn. Ojúọlá di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, torí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ìtàn tí Ràsákì pè ní ìtàn ọ̀lẹ, inú rẹ̀ lòun náà jókòó sí yìí. Ó kà á títí ó fi parí.

"Ṣé ó dìde?"

Irọ́ tún sáré wá sẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. "Ìwé ti tán, Mùínátù. Wọn ò tíì sọ."

"Ẹ jókòó tì mí nígbà náà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí a fi tu aláìsàn nínú kì í wo àìsàn, ó lè dá kún un. Ìgbà mìíràn wà tí agbára ò ká nǹkan kan; ká sòótọ́, ká sì jókòó tini ló kù. Ràsákì di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ṣì tutù.