Ọmọ Adùnlétí Tó Ń Gbé Ìsọlọ̀

"Kó ẹrù rẹ, kó ọmọ rẹ, kí o sì jáde nílé mi."

Mísbáù Sàláwù ló sọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀gá onífújì tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Adùnlétí. Kò pariwo. Ohùn dídùn tó fi ń kọrin náà ló fi lé ìyàwó rẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tó fi dun Àgbékẹ́ ju kó fi igbe sọ ọ́ lọ.

Àgbékẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú pálọ̀ ilé wọn ní Àjàó Estate. "Bàbá Roqeebah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi mí léèrè. Ẹ ò tíì bi mí ní nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n fẹ́ bi ọ́?" Salimat ló dá a lóhùn. Salimat ni ìyàwó kejì. Ara àwọn tó ń gbe orin lẹ́yìn Mísbáù ló wà tẹ́lẹ̀ kí Mísbáù tó fẹ́ ẹ, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ti yọ níkùn nígbà náà. "Ojú rẹ tutù bí omi àmù, ìwà rẹ ta bí ata. Alágbèrè. Nígbà tí ọkọ rẹ ń làágùn lórí ìtàgé, ta lo gbé wọlé?"

Táíyé, mánijà ẹgbẹ́ olórin náà, dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó gbé Kùránì sókè. "Mo fi èyí búra, Alhaji. Lọ́jọ́ tí ẹ rán mi wálé láti Ìjẹ̀bú pé kí n wá mú aṣọ yín, mo rí ọkùnrin kan tó yọ́ jáde ní yàrá Ìyá Roqeebah. Kì í sì ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn."

Ẹni tó bá fi Kùránì búra èké, òrùlé ara rẹ̀ ló ń ti iná bọ̀. Ṣùgbọ́n irú iná bẹ́ẹ̀ kì í tètè jó. Ó máa ń ràn lábẹ́lẹ̀ ni, títí tí onílé á fi gbàgbé pé òun ló ti iná bọ̀ ọ́.

Roqeebah, ọmọ kékeré nígbà náà, dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀ wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀. "Èyí gan-an," ni Mísbáù wí, "ta ló fẹ́ sọ fún mi pé tèmi ni?"

Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́.

Ìyá àtọmọ kó lọ sí yàrá kan ní Ìsọlọ̀, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í jẹ́ kí ilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Àgbékẹ́ rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà, ó ń kó o sínú páálí. Ibẹ̀ ni Roqeebah ti dàgbà, ohùn bàbá rẹ̀ ló sì fi dàgbà, nítorí kò sí ibi tí ohùn náà kò sí. Bí ó bá kọjá lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, bàbá rẹ̀ ń kọrin níbẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ sí Òṣòdì, orin bàbá rẹ̀ ni àwọn tó ń ta fóònù fi ń pe oníbàárà. Bàbá náà á máa ṣàdúrà fún ọmọ olówó, á máa ki ọmọ onílẹ̀, á máa dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ lọ rẹpẹtẹ. Kò dárúkọ Roqeebah rí.

Níléèwé, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bó bá jẹ́ pé Adùnlétí ni bàbá rẹ lóòótọ́, kí ló dé tí bàtà rẹ ya?" Nínú ọgbà ilé wọn, àwọn obìnrin kì í bò ó sọ. Ìyá Kẹ́milọ́lá tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn máa ń wí pé, "Ọmọ àlè ni. Bàbá wo ló lówó tí yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa gbé ibí?"

Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ó dá lọ sí Àjàó. Salimat ló yọjú sí i ní gétì. "Bàbá rẹ ní àwọn ò mọ̀ ọ́. Bó o bá tún fi ẹsẹ̀ kan ibí, ajá ni màá tú sí ọ." Irọ́ ni. Mísbáù kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọmọ náà wá. Ṣùgbọ́n báwo ni Roqeebah ṣe fẹ́ mọ̀? Ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìsọlọ̀. Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà ni inú rẹ̀ ti kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Bí wọ́n bú u, kò dùn ún. Bí wọ́n yìn ín, kò wú u lórí. Nígbà tó parí ìwé, ilé iṣẹ́ ọ̀rá náà lòun pẹ̀lú lọ.

Lọ́jọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò ṣépè fún wọn?"

Àgbékẹ́ ń ká aṣọ. "Èpè kì í tún orúkọ ẹni ṣe, ọmọ mi. Jẹ́ ká máa wò ó."

Nígbà tó yá, àìsàn dé sí ọ̀fun Mísbáù. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹ̀mí rẹ̀ yè, ohùn rẹ̀ kò yè. Kò lè ṣe ju kó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ gbé etí sún mọ́ ọn. Kíá ni Salimat àti Táíyé ti ṣètò pé Ashraf, ọmọkùnrin àkọ́bí Salimat, ni yóò gba ipò. Wọ́n lẹ pósítà rẹ̀ káàkiri.

Ashraf ò fẹ́. Ọmọ náà ò jọ ìyá rẹ̀ ní ìwà. Ó wá dúró dè Roqeebah níwájú ilé iṣẹ́ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Ashraf lorúkọ mi."

"Mo mọ̀ ọ́. Mò ń rí ọ lára ògiri."

"Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Adùnlétí kejì. Mi ò mọ orin kọ, wọ́n kàn ń fi tipá tì mí ni." Ó wolẹ̀. "Dádì ń béèrè yín. Èmi ni mo máa ń gbétí sí wọn lẹ́nu, orúkọ yín ni wọ́n ń pè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí wọn."

Roqeebah dúró kí ó gbọ́ bóyá nǹkan kan yóò mì nínú òun. Nǹkan kan kò mì. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, Àgbékẹ́ dìde, ó ń wá gèlè rẹ̀. "Aláìsàn ni. A ó lọ kí i."

Lọ́sàn-án Sátidé náà, àwọn olórin kún inú ọgbà ilé Adùnlétí ní Àjàó, àwọn oníròyìn rédíò ò gbẹ́yìn. Alhaji Ṣíjúadé, àgbà nínú àwọn onífújì, jókòó sápá ọ̀tún Mísbáù. Sípíkà ńláńlá yí ọgbà ká. Ẹni tó ń bójú tó wọn ti fi máìkì kékeré há ọrùn aṣọ Salimat, kí ó lè kí àwọn àlejò káàbọ̀.

Bó ṣe kí wọn tán ló rí Àgbékẹ́ àti Roqeebah lẹ́nu gétì. Ó lọ bá wọn, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbàgbé pé máìkì ń gbọ́. "Àwọn òkú òṣì, ta ló pè yín?"

"Èmi ni, Mọ́mì," ni Ashraf wí.

Orí àwọn èèyàn ti yí sọ́dọ̀ wọn, Salimat sì rò pé Àgbékẹ́ ni wọ́n ń wò. Kí Salimat tó mọ ohun tó máa ṣe, Táíyé juwọ́ pè é láti inú ilé, Salimat sì wọlé lọ bá a. Ilẹ̀kùn padé, ariwo ẹ̀rọ amúlétutù sì bo ohùn ìta. Sípíkà kò padé.

"Kí lo tún fẹ́, Táíyé?" Ohùn Salimat gba gbogbo ọgbà.

"Kí wọ́n pe orúkọ mi mọ́ ti Ashraf. Èmi ni màá jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́."

"Ìwọ? Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ kì í bá onílé du àga."

"Má sọ mí di ẹrú, Salimat. Ta ló bí Ashraf? Ṣé Adùnlétí ni? Mo bímọ, mo ń wò ó lójú, ó ń pe ẹlòmíràn ní bàbá, mo sì dákẹ́."

"Pa ẹnu mọ́, èèyàn wà níta."

"Mi ò ní pa á mọ́. Nítorí rẹ ni mo ṣe gbé Kùránì búra. Mi ò rí ọkùnrin kankan ní yàrá Àgbékẹ́. Ó ń kírun ni mo bá a. Ìwọ lo kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo sọ."

"Bó bá tú, àwa méjèèjì ló máa rì. Ṣé o ò rí ọmọ Àgbékẹ́ níta yẹn ni? Ojú Mísbáù gẹ́lẹ́ ló gbé wá."

Ẹni tó ń bójú tó sípíkà sáré lọ láti pa á. Alhaji Ṣíjúadé gbá a lọ́wọ́ mú. "Fi sílẹ̀."

Salimat jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń mira. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Gbogbo sípíkà inú ọgbà sì bá a bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà lọ́wọ́ rẹ̀ kan ọrùn. Ó já máìkì náà jù sílẹ̀. Táíyé fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ti ń pàṣẹ fún láti ọjọ́ yìí dí i lọ́nà, wọ́n sì fà á wá síwájú.

Mísbáù mi ọwọ́ sí Ashraf, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà gbé etí rẹ̀ sí i. Ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Mọ́mì," ló wí, "wọ́n ní ilé yìí ò gbà yín mọ́."

Bí ayé ṣe fi ọmọ ìkà jẹ́ ìránṣẹ́ sí ìkà nìyẹn, lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ kò bá wọn dá.

Mísbáù na ọwọ́ sí Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ súnmọ́ ọn, ó gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán. "Bàbá Roqeebah, mo ti dárí jì yín kí n tó kúrò nílé. Àmọ́ mi ò ní padà wá. Orúkọ mi ni mo fẹ́. Ẹ wá sọ ọ́ ní Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe ọmọ mi ní ọmọ àlè."

Salimat padà sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Kò sí ẹgbẹ́ olórin tó gba Táíyé mọ́. Òṣòdì ló já sí, ó ń jókòó sẹ́bàá ojú irin, àwọn tó ń sáré kí i tẹ́lẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá.

Kò pẹ́ tí Mísbáù fi wá sí Ìsọlọ̀. Ashraf, tí kò bá ìyá rẹ̀ lọ, ló fà á lọ́wọ́. Gbogbo ọgbà jáde, Ìyá Kẹ́milọ́lá wà níwájú. Mísbáù sọ̀rọ̀ sí Ashraf létí, Ashraf sì kọjú sí èrò.

"Wọ́n ní irọ́ ni wọ́n pa mọ́ Ìyá Roqeebah. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni Roqeebah." Ó kọjú sí Roqeebah. "Ọmọ wọn ni."

Ìyá Kẹ́milọ́lá kúnlẹ̀ síwájú Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ gbé e dìde.

Roqeebah bu omi fún bàbá rẹ̀. "Ẹ rọra mu ún, sà." Ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ retí ti dé, ó sì wá ayọ̀ nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ìyá rẹ̀ wò ó. "Kí ló wà nínú rẹ?"

"Kò sí nǹkan kan, Màámi. Ṣùgbọ́n ó dára pé àwọn ará ọgbà gbọ́, nítorí tiyín."

Ashraf ṣì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò mọ ibi tí yóò jókòó. "Kí ni kí n máa pè yín báyìí?" ló bi Roqeebah.

Roqeebah sún lórí bẹ́ǹṣì. "Ohun tó o ti ń pè mí náà ni."

Ọmọ náà jókòó. Roqeebah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rí i pé ó tutù, kò sì fi í sílẹ̀ títí tó fi móoru.