Iná Ọ̀sán

Ìbéèrè ló gbé ọmọbìnrin kan dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ìlú yóò ṣe máa ṣọ́ iná lò, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fi iná ṣe.

"Áyọ́ọ̀nù kan, máṣíìnì mẹ́ta," ni télọ̀ wí. "Àti ọkàn mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn báyìí. Ṣé ẹ máa ka ìyẹn náà mọ́ ọn?"

Ẹ̀rín pa á. Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ti di ìgbín àti ìkarahun.

Bàbá télọ̀ ò lè mí dáadáa fúnra rẹ̀ mọ́; ẹ̀rọ oníná kan ló ń fún un ní atẹ́gùn. "Ìyàwó mi" ló máa ń pe ọmọbìnrin náà.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà fi hàn pé bí wọ́n bá ń pa iná àdúgbò kan lẹ́yìn òmíràn lọ́sàn-án, iná á kárí ìlú lálẹ́.

"Bàbá, ẹ má fòyà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Wọn ò ní pa iná ilé aláìsàn."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ ò gbà láti yọ ilé aláìsàn sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná. A ó máa tún un ṣe bá a ṣe ń lọ."

Ojú ti ọmọbìnrin náà láti kó ọ̀rọ̀ tó sọ fún bàbá jẹ. Ó rò pé òun á yí ọ̀gá lọ́kàn padà kó tó kan àdúgbò wọn, ó bá panu mọ́. Àfi bí wọ́n ṣe pa iná àdúgbò náà ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, láìsọ fún un. Télọ̀ ti lọ gbé aṣọ fún oníbàárà lọ́jọ́ náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kó tó padà dé, ẹ̀rọ bàbá ti dákẹ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá télọ̀, ó jẹ́wọ́.

"Dìde, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Mi ò ní gbé ọ ṣépè. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rí ọ nílé yìí, èémí ọkọ mi ni màá máa gbọ́."

Télọ̀ sìn ín dé ojú títì.

"Olólùfẹ́ mi, ò bá sọ fún mi. Ǹ bá ti gbé bàbá lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi tí iná wà."

"Mo mọ̀."

"Mi ò kórìíra ẹ. Ká ní mo kórìíra ẹ ni, ì bá rọrùn fún mi."

Ọmọbìnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ọ̀gá sinmi títí wọ́n fi yọ ilé àwọn aláìsàn sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé télọ̀ ti gbéyàwó, ó ní inú òun dùn. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún bí opó tí kò ṣe ìyàwó rí.