Oorun Kọ̀ǹpútà Arúgbó

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin na ìka sí mi. Ó ní òun ń lọ jẹun, pé kí n jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sun oorun àsùnwọra, kó má kàn tòògbé. Ojú ewé mẹ́fà ló ti tẹ̀ sínú rẹ̀, ìwé tí yóò fi wọlé ẹ̀kọ́ gíga, tó gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Kò sì tíì fi ìkankan pamọ́. Kọ̀ǹpútà a máa béèrè orúkọ kó tó fi iṣẹ́ pamọ́, ó sì ní òun kì í sọ iṣẹ́ tí kò parí lórúkọ.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí wa. Tí èyí tuntun bá ń tòògbé, yóò ti kọ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sínú díìsìkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ wáyà iná rẹ̀ láti fi dẹ́rù ba àǹtí, ó sì ń jí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ pé. Ti èkejì tí ẹ̀gbọ́n mi ń lò, èyí tó ti pẹ́ tí a ń pè ní Arúgbó, yàtọ̀. Tó bá ń tòògbé, orí lásán ló fi ń rántí; bí iná bá lọ, ó parí. Oorun àsùnwọra nìkan ló ń mú un kọ ọ́ sínú díìsìkì, kó tó sì kọ ọ́ tán, ọmọ tuntun á ti hu irùngbọ̀n. Àǹtí ti ṣàlàyé èyí fún wa, àmọ́ irùngbọ̀n ni mo ń yà sí àwòrán ara kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ náà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbá bọ́ọ̀lù níta. Mo tẹ ìtòògbé fún Arúgbó, mo fò jáde. N kò tíì gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹta tí iná fi lọ. Nígbà tí iná dé, Arúgbó jí, ojú rẹ̀ funfun bí ògiri tuntun.

Mo lè ní iná ló fà á. Ta ni yóò bá iná ṣẹjọ́? Mo jókòó. Mo wo aago, mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tó ti ń jẹun.

“Bùrọ̀dá, iṣẹ́ yín ti lọ. Ìtòògbé ni mo tẹ̀.”

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Aago mélòó ló lù?”

“Méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni.”

“Àkókò ṣì kù. Èmi á máa pè é, ìwọ á máa tẹ̀ ẹ́.”

Mo tẹ̀ ẹ́ títí èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jáde ní ìka mi. Àǹtí ń mú wa fi ojú ewé kọ̀ọ̀kan pamọ́, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ ọ́ ní “Kò-Tíì-Parí”. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù, a fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Àǹtí ní ká ní mo dúró kí ẹ̀gbọ́n mi jẹun tán kí n tó sọ fún un, à bá ti pẹ́ jù.

Wọ́n gbà á wọlé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ máa gbọ́ àlàyé tán kí ẹ tó sáré, bí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ní tèmi, bí bọ́ọ̀lù bá tilẹ̀ ń fò kọjá lójú fèrèsé, ìdí Arúgbó ni mo ń jókòó sí títí yóò fi sùn wọra.