Eyín Ṣùkúrátù àti Ìwé Àtijọ́ Muadh

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí n sọ ìtàn kan tó ń bí mi nínú títí dòní.

Ní Múṣín, ìyá Muadh ń ta orín. Àbúrò Muadh, Ṣùkúrátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ló máa ń run orín níṣojú oníbàárà kí wọ́n lè rí i pé ó dára. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ rin orín ẹnu rẹ̀ gbindingbindin.

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá olórín, ẹ tọ́jú ẹnu ọmọ yín ná, kẹ́ ẹ tó tọ́jú tiwa!"

Ojú ti ìyá. "Ṣùkúrá, dìde, ọsibítù yá!"

Muadh fò dìde. Ó ń múra ìdánwò àṣejáde, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń pè é ní Dókítà nítorí ìwé àlòkù kan nípa àrùn eyín tó rà ní Yábàá.

"Màámi, ẹ jókòó. Oríṣi méjì ni àrùn tó ń jẹ egungun ìdí eyín: ti àgbà àti ti ọ̀dọ́. Ti ọ̀dọ́ ṣọ̀wọ́n. Erìgì rẹ̀ kàn wú ni, omi iyọ̀ á wò ó."

"Ẹ̀gbọ́n, eyín iwájú mi ń mì o."

"Ta ni dókítà nínú èmi àti ẹ?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ tí kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá! Ìyá tí kò kàwé sì gbà á gbọ́.

Oṣù ń gorí oṣù. Nígbà tí ọyún ń jáde lérìgì, tí Ṣùkúrátù ò lè fi eyín gé búrẹ́dì mọ́, wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù eyín ní Sùúrùlérè. Dókítà Jemimah wo fọ́tò egungun ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró?"

Muadh na ìwé sí i. Dókítà pa á dé gbàmù.

"Ìwé yìí dàgbà jù ẹ́ lọ! Nígbà kan, ọjọ́ orí la fi ń pín àrùn yìí. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà: wọ́n ní ọ̀kan ń rọra jẹ, ọ̀kan ń jẹ wàràwàrà. Ní báyìí, a ti da méjèèjì pọ̀. Ibi tó jẹ dé là ń wò, àti bó ṣe ń yára tó, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì! Ká ní ẹ tètè wá ni, ǹ bá gba eyín yìí là."

Eyín iwájú méjì ni wọ́n yọ.

Muadh ní, "Ṣùkúrá, jọ̀ọ́..."

"Ẹ má bẹ̀ mí! Èmi ni mo lẹnu, ẹ̀yin lẹ wá ń sọ bó ṣe ń ṣe mí!"

Ìyá ò tilẹ̀ wojú Muadh.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìwé kan ṣoṣo tẹ́ ẹ di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ gbọ́: ìmọ̀ ń yí padà, àrùn kì í dúró dè yín. Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ má fi ara ọmọ ẹlòmíì dánra wò.

Ṣùkúrátù ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Làbákẹ́ aládùúgbò wọn. Làbákẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, tìbínú-tìbínú, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.