Ọkọ̀ Méjì ní Òkè-Ìlá

Orí ilẹ̀ gbígbẹ, ní Òkè-Ìlá, ni Dùnmínínú, tíṣà kan, ti kọ́kọ́ rí Ọlátúbọ̀sún tí ó ń ta ọkọ̀: ó dùbúlẹ̀ gbalaja nínú ọkọ̀ ojú omi kan, ó ń fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ẹ káàsán. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni mo fẹ́ rà. Bàbá mi fẹ́ jókòó lórí dáàmù ẹ̀yìn ìlú."

Kò fi kún un pé ojú bàbá òun ń fọ́, pé dókítà ti ní kò ní pẹ́ tí kò fi ní ríran mọ́.

Méjì ni ó wà nílẹ̀, àlòkù ni méjèèjì. Ọ̀kan funfun, ó ń dán, ó ní tìmùtìmù. Èkejì jẹ́ ti páànù, ó ti tẹ̀ káàkiri.

"Èwo ni kí n rà?"

"Òjò ni yóò sọ, Tíṣà. Èyí tí kò bá gba omi òjò dúró, omi odò yóò wọ inú rẹ̀. Ẹ padà wá ní Sátidé."

Oṣù kejì ọdún ni, àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ó padà wá, òjò kò rọ̀. Ní Sátidé kẹta, Túbọ̀sún ti nu àga dè é, ó sì ti ra ẹ̀pà. Inú ń bí Dùnmínínú pé òun ń jẹ ẹ́.

"Bọ̀dá Túbọ̀sún, ṣé ọkọ̀ ni ẹ ń tà àbí ojú ọjọ́?"

"Ọkọ̀ ni. Ẹ rọra máa jẹ ẹ̀pà."

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé karùn-ún. Inú ọkọ̀ funfun ti gbẹ. Ti páànù kún dé ẹnu.

"Èyí ni," ni Túbọ̀sún wí.

Dùnmínínú wo ọkọ̀, ó wo kànga tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ní kànga."

"Mo ní i."

"Ẹ ò ṣe pọn omi sí i lọ́jọ́ kìíní?"

Túbọ̀sún wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bí mo bá pọn ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ óò wá."

"Ojú bàbá mi ń fọ́. Omi yẹn ni ó fẹ́ rí. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ jẹ ẹ̀pà."

Kò dágbére. Lójú ọ̀nà ni ó rántí pé omi kànga yẹn gan-an ni òun fi ń fọ ọwọ́ ní gbogbo Sátidé. Èyí bí i nínú ju ti Túbọ̀sún lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ọkọ̀ páànù wá sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá Dùnmínínú. Túbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, títí kan ẹ̀pà.

"O mọ̀ ọ́n wà?" ni bàbá béèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n wà, sà."

"Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Dìde."

Lórí omi dáàmù, Túbọ̀sún ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, Dùnmínínú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá jókòó níwájú wọn. Ó wo òkè, ó wo ẹyẹ kan títí ó fi fò lọ. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó wo àwọn méjèèjì.

"Ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ tètè ṣe é. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i."

Túbọ̀sún dá àjẹ̀ dúró. Ó wo ojú ọ̀run.

"Túbọ̀sún," ni Dùnmínínú wí, "ṣé òjò ni o tún ń dúró dè?"

Nígbà náà ni ó béèrè bóyá yóò fẹ́ òun. Dùnmínínú ní òun gbà, kí ó máa wa ọkọ̀ lọ.