Ẹ̀gún Lójú Ọ̀nà Àwọn Aláṣọ Funfun

Oṣù tí àwọn ológun kọ́kọ́ gba ìjọba ní Dàhọ̀mì, tí ará Àjàṣẹ́ ò fẹ́ rí ará Àgbómẹ̀ sójú, tí ará òkè ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ àwọn méjèèjì, ni Màrúfátù ọmọ ọdún mẹ́jọ to ẹ̀gún imọ̀ ọ̀pẹ sójú ọ̀nà ní Sàkété. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni. Ẹ má bi mí pé ta ló rán an. Àgbà ìkà kì í rán ọmọdé níṣẹ́ ibi ní tààrà; etí ọmọ ló ń sọ̀rọ̀ sí.

Ràúdátù, ìyá rẹ̀, ló máa ń sọ̀rọ̀ jù. Òun àti Ṣàmsídéènì ọkọ rẹ̀ ń ta aṣọ lẹ́bàá ọjà. Bí àwọn ọmọ ìjọ onígbàgbọ́ tó ti Àjàṣẹ́ wá bá ń kọjá nínú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà, Ràúdátù a yínmú.

"Ẹ̀mí burúkú ló ń gbé wọn rìn. Ẹ̀gún ò lè gún wọn lẹ́sẹ̀ láéláé."

Àwọn oníbàárà a rẹ́rìn-ín títí. Àwàdà ni lójú tiwọn, ṣùgbọ́n Màrúfátù gbà á gbọ́ bó ṣe gba kéwú gbọ́, ó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Òun àti ọmọ àdúgbò mẹ́ta fi erùpẹ̀ bo ẹ̀gún náà, wọ́n lúgọ sẹ́yìn ògiri.

Aláṣọ funfun kìíní kọjá. Ìkejì kọjá.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Màrúfátù ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àjẹ́ ni wọ́n!"

Ìkẹta, obìnrin kan tó pọn ọmọ, kígbe: "Yéè! Mo gbé o!"

Màrúfátù mọ ohùn yẹn. Ràúdátù ló jókòó sínú erùpẹ̀, nínú aṣọ funfun tó yá, tòun ti Ṣùáíbù ọmọ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni gìrì ti ń gbé ọmọ náà. Tírà ò ràn án, hàntú tí wọ́n fọ̀ fún un mu ò ràn án, abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn náà ò ràn án. Ni ìyá bá gbé ọmọ lọ síbi tó ń bú.

Bonaventure, àgbà ìjọ, kúnlẹ̀, ó yọ ẹ̀gún náà. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá." Àwọn ọmọ yòókù ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ràúdátù rí ọmọ rẹ̀.

"Màrúfátù, mo bẹ̀ ẹ́, má sọ fún bàbá ẹ. Bó bá gbọ́, ó máa lé mi jáde ni."

Ọmọ náà ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìríra ló ń ṣe é, kò sí àánú kankan níbẹ̀.

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Ṣàmsídéènì rí i pé ìyàwó òun ń tiro.

"Kí ló ṣe ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ìgò ni mo tẹ̀ nídìí kànga, Bàbá Màrúfátù."

"Irọ́ ni, Bàbá," ni ọmọ wí. "Ìyá ti di aláṣọ funfun. Mo rí wọn."

Ṣàmsídéènì fọwọ́ rẹ̀, kò pariwo. "Ràúdátù, kó ẹrù ẹ. Kèfèrí kan ò ní sùn nínú ilé mi."

Ràúdátù kúnlẹ̀, ó sunkún. Àwọn aládùúgbò bẹ̀bẹ̀, ààfáà bẹ̀bẹ̀, ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Ràúdátù ti pọn Ṣùáíbù, ó wọ mọ́tò Pobẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn wo ọmọbìnrin rẹ̀.

Ọdún méje kọjá kí Màrúfátù tó lè dá Pobẹ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ta ọṣẹ dúdú. Ṣùáíbù, tí ìjọ ti sọ ní Cyprien, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ le koko.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá mi." Màrúfátù kúnlẹ̀, omi lójú rẹ̀. Ó na búrẹ́dì sí àbúrò rẹ̀.

Ọmọ náà wo ìborùn tí Màrúfátù fi bo orí, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Mi ò gbà. Májèlé làwọn Ìmàle ń fi sínú oúnjẹ ọmọdé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Cyprien yíjú sí ìyá wọn. Ràúdátù tẹrí ba, ó ń to ọṣẹ rẹ̀.